Fọ́tò Ìyá Báńkì

Ìyá Báńkì ni gbogbo abúlé ń pè é, torí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ara ilẹ̀kùn rẹ̀ náà ni wọ́n ń lẹ ìkéde iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́. Bí o bá ra ọṣẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀, wàá gba ìmọ̀ràn mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbẹ̀ kan wá ra irúgbìn àgbàdo lẹ́ẹ̀kejì.

“Bàbá, àbí ẹ ń sè é jẹ ni?”

“Òjò dá, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní ìkéde wà pé ká má tíì gbìn. Mo wo ilẹ̀kùn rẹ títí, n ò rí i. Ojú ti ń di ti arúgbó, ọmọ mi.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ìyá Báńkì. Òun ló lẹ ìpolówó owó orí fóònù bo ìkéde náà, torí fọ́tò òun alára ló wà lórí ìpolówó náà, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

Ó jáde, ó fi èékánná ha ẹ̀rín ara rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn.

“Ojú yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Èmi ni mo bò ó. Ẹ gbé irúgbìn yẹn lọ, ẹ má sanwó.”

Bàbá sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó ka ìkéde náà sókè láìlo awò ojú, láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ilẹ̀ ni Ìyá Báńkì ń wò títí ó fi kà á tán.