Ìyípo Méjìdínlọ́gọ́rin

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Olúrótìmí fi wa bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún láti Ore lọ sí Bìní, kò kọlu ẹnikẹ́ni rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tírélà kan fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀sì rẹ̀ wọ igbó. Èrò méjì kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Olúrótìmí. Awakọ̀ tírélà bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò rí i dòní.

Kí wọ́n tó gbé Olúrótìmí dé ọsibítù, gáréèjì ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ tán: ó sùn lórí sítíárìn. Ta ló wà níbẹ̀ nínú wọn? Àwọn tí wọ́n jókòó sábẹ́ búkà ní Ore, tí wọ́n ń fi eyín gé ẹran, àwọn ni wọ́n mọ ẹni tó sùn lójú ọ̀nà Bìní. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jó Olúrótìmí nínú títí dòní. Ohun tí kò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé yàtọ̀ sí iwájú tírélà tó dé bá a lójijì, òun alára ò rántí nǹkan kan mọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ kan ò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀, ló bá di ẹni tó ń jókòó sílé. Tolúwalọpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ló gbé ẹ̀rọ géèmù àlòkù kan wá fún un, tòun ti sítíárìn kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì. Eré ìje ọkọ̀ ti Mónákò ló wà nínú rẹ̀: títì tóóró láàárín ìlú, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì. Eré náà ò bèèrè kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyípo méjìdínlọ́gọ́rin ni, bí wọ́n ṣe ń sá a lọ́hùn-ún gan-an, ó sì ń tó wákàtí méjì. Olúrótìmí bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí òun bá sá a tán láìfara kan ògiri, òun á mọ̀ dájú pé òun kì í sùn lórí sítíárìn.

Oṣù márùn-ún ló fi gbìyànjú. Láti kíṣìnnì, ariwo ọkọ̀ tó ń forí sọ ògiri ni Olúbísí, ìyàwó rẹ̀, ń gbọ́, àti ọkọ rẹ̀ tó ń ṣépè. Ẹ̀rù ń bà á. Lójú tirẹ̀, ńṣe ló ń pe ìjàǹbá padà wá sílé.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Olúrótìmí ti parí ìyípo kẹrìndínlọ́gọ́rin, kò tíì kan ògiri lẹ́ẹ̀kan. Olúbísí wọlé láti ilé àdúrà nínú aṣọ funfun rẹ̀, ìgò omi àdúrà lọ́wọ́.

"Ẹ kú ilé, Bàbá Tolú."

Ó tún kí i. Ojú Olúrótìmí ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, òógùn ń bọ́ lágbọ̀n rẹ̀. Olúbísí ṣí ìgò, ó da omi lé ẹ̀rọ náà lórí, bó ṣe máa ń dà á síwájú bọ́ọ̀sì ní gbogbo àárọ̀ Ajé nígbà ayé bọ́ọ̀sì. Irin ni bọ́ọ̀sì, omi ò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà ta pàrà, tẹlifíṣọ̀n ṣú.

"Ìyípo méjì ló kù," Olúrótìmí ní. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítíárìn. "Olúbísí, ìyípo méjì péré. Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Mo fẹ́ kí gbogbo yín rí i pé mi ò sùn!"

Olúbísí ti kúnlẹ̀, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọlọ́run ti dárí jì yín. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo fi ń gbààwẹ̀ lórí ẹ̀, láti ọdún mẹ́ta."

"Lórí kí ni?"

Kò gbójú sókè. "Lórí oorun yẹn."

Olúrótìmí tú sítíárìn kúrò lára tábìlì, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Gbé e lọ bá wọn nílé àdúrà," ó ní. "Sọ fún wọn pé ẹni tó sùn ló ni ín."