Àpótí Mẹ́rin fún Bàbá Mi

Kíláàsì wa wà lókè ilé kan ní Ìkòròdú, yàrá méjì péré, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, èkejì fún ìwé. Ìwé ìtàn aláwòrán ló kún ibẹ̀ dé àjà, òmíràn ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Sátidé ni mò ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń di páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Industrial Estate, tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá fi já wa sílẹ̀, apá mi á ti kú. Síbẹ̀ mi ò pa Sátidé kan jẹ. Mi ò kàwé jìnnà. Pẹ́ńsù nìkan ló máa ń gbọ́ tèmi.

Bí a ṣe ń fi àwòrán sọ ìtàn ni pé a ó fi rúlà pín bébà sí àpótí-àpótí. Ohun kan á ṣẹlẹ̀ nínú àpótí kìíní, ohun tó tẹ̀lé e á wà nínú èkejì, ẹni tó ń wò ó ni yóò fi ojú ara rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé, "Àlàfo tó wà láàárín àpótí méjì, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. O ò sì lè bá àwọn tó ń kà á débẹ̀ o. Wọ́n á dá lọ ni." Ẹ̀rín ló máa ń pa mí nígbà náà.

Apẹja ni bàbá mi, ní Ẹ̀pẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ tiwa náà kò wọlé sí i mọ́. Bí o bá bi í pé ṣé ó fẹ́ jẹun, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá bi í pé ṣé kò fẹ́ jẹun, á tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní ojú rẹ̀ dá ṣáká, ọ̀nà ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ ló dí. Lọ́jọ́ kan mo ya ife omi, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó gbọn orí pé rárá. Mo ya abọ́ ẹ̀kọ tó ń rú èéfín. Ó mi orí, ó sì fi ọwọ́ òsì gbá mi léjìká. Ìyá mi bú sẹ́kún ní ìdí ààrò tó ti ń yan ẹja tó máa gbé lọ sí Ọjà Olúwo.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló wá dé. Àwọn tó ń na ẹsẹ̀ fún un ní ọsibítù ń gba owó, ohun kan ṣoṣo tó sì kù láti tà ni ọkọ̀ tó fi ń pẹja. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti rí ẹni tó máa rà á, ọkùnrin kan láti Agbowa. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tiyín náà. Àfi kí olówó orí mi fúnra rẹ̀ sọ pé ká tà á."

"Ìyàwó wa, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ ọ́?"

Ìyá mi nawọ́ sí mi. "Ọmọ rẹ̀ rèé. Ṣebí àwòrán ló ń lọ kọ́ ní Ìkòròdú."

"Ó dáa, ayàwòrán," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. "Ṣùgbọ́n tí o bá ya imú mi fẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ ni o."

Gbogbo Sátidé yẹn ni mo fi yà á. Àpótí mẹ́rin lórí ìlà kan. Láti òsì, ọkọ̀ bàbá mi wà ní èbúté wa, okùn so ó mọ́ òpó. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọkùnrin Agbowa dúró létí omi, owó wà láàárín ọwọ́ àwọn méjèèjì. Nínú ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀sà. Nínú ẹ̀kẹrin, bàbá mi dìde dúró pẹ̀lú ọ̀pá, ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀gá wò ó, ó ní ọmọdé á kà á. Orí mi wú.

Bàbá mi pẹ́ lórí bébà yẹn. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti àpótí dé àpótí, ó padà, ó tún tọ̀ ọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, léraléra.

"Ẹ ti rí i báyìí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Wọ́n wá wa ọkọ̀ lọ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, bàbá mi wà lórí àga níta, ó kọjú sí omi. Tí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á na ọrùn. Tó bá kọjá, á wò mí bí ẹni tó ń bi mí ní nǹkan.

"Afẹ́fẹ́ omi ló ń wù ú," ìyá mi wí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Nínú yàrá ìwé ni mo ti mọ̀. Ọ̀gá gbé ìwé ìtàn kan fún mi, mo ń kà á, kò yé mi. Ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì yọjú léjìká mi.

"Ẹ wá wò ó o! Ibi ìsìnkú ló ti bẹ̀rẹ̀. Akọni ti kú tán kó tó jẹun àárọ̀!"

Gbogbo wọn kú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Àwọn ará Japan ló yà á. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á lọ sí òsì."

"Bíi kéwú," ni ọmọbìnrin náà wí.

Mo ṣì ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tó wọ̀ mí lára. Ilé kéwú nìkan ni bàbá mi lọ láyé rẹ̀. Wàláà ló fi kọ́ ìwé, kò mọ ábídí. Mo rántí ìka rẹ̀ lórí bébà mi. Ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo rí i, mi ò kà á sí nǹkan kan.

Mo wá kà á bí òun ṣe kà á. Ara rẹ̀ yá, ó dìde. Ọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀sà. Ó gúnlẹ̀, ó san owó fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọkọ̀ padà sí èbúté wa, okùn so ó mọ́ òpó. Lọ́dọ̀ wa, bí apẹja bá dùbúlẹ̀ àìsàn, á yá ẹlòmíì ní ọkọ̀, onítọ̀hún á máa san nǹkan fún un, tí ara apẹja náà bá yá, á dá ọkọ̀ padà fún un. Ìyẹn ni bàbá mi gbà. Ọkọ̀ wa, orí àti ìdí rẹ̀ jọra. Kò sí bí ẹni tó ń wò ó ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀.

Mo lọ sí Agbowa. Ọkùnrin náà kò bá mi jà. Ó ti gé ìdí ọkọ̀ náà kí ẹ́ńjìnì lè jókòó síbẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ṣé owó mi wà lọ́wọ́ ẹ?" Ọsibítù ti gba owó. Ẹsẹ̀ bàbá mi sì ń lágbára lóòótọ́, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Etí omi ló ń rìn lọ.

Mo ya òmíràn, láti ọ̀tún. Wọ́n san owó, wọ́n wa ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ dúró ní Agbowa pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, ẹlòmíì jókòó sínú rẹ̀. Nínú àpótí tó kẹ́yìn, mo ya ara mi lórí ìdọ̀bálẹ̀. Bàbá mi fi ìka tọ̀ ọ́ títí dé ibi ọkọ̀, ó dúró níbẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde.

"Kí ló wí?" ìyá mi béèrè láti ìdí ààrò.

"Kò wí nǹkan kan, Màámi. Ó ti lọ jókòó síta."