Ọwọ́ Màmá Mi Lára Irin Tẹlifíṣàn

Ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò burú: okùn tẹlifíṣàn ń bà mí lẹ́rù. Èmi tí mo ń ta wáyà kọ̀ǹpútà ní Ẹgbẹ́dá láti àárọ̀ dalẹ́, tí mo lè di ojú kí n fi ìka mọ orí VGA yàtọ̀ sí ti HDMI, bí mo bá ti fẹ́ ki ọ̀kan bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, àyà mi á já. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin orí ẹ̀ fẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ o, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Àwọn oníbàárà máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ejò ni. 

Tí wọ́n bá bi mí pé èwo ló dára jù, mo ní ìdáhùn. VGA, èyí tí orí ẹ̀ búlúù, tó ní ìdè méjì téèyàn máa lọ́, àgbà ni. Kì í dédé kú. Tó bá fẹ́ bàjẹ́, àwòrán á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, ojú gbogbo èèyàn á wá pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, ẹ ó ti mọ̀ pé ó ń lọ. HDMI ò mọ ìyẹn. Ó mọ́ kedere, ó ń gbé ohùn àti àwòrán pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ní òun ò ṣe mọ́, òkùnkùn biribiri ni. DisplayPort tiẹ̀ ní ìkọ́ kékeré kan tó ń há sínú ihò, ẹni tí kò bá mọ̀ á fà á títí á fi ya. Mọ́nítọ̀ ló pọ̀ lára ẹ̀, tẹlifíṣàn ò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Èyí tí mi ò kì í sọ ni pé gbogbo wọn pátá ló ní irin lórí, irin yẹn ló sì ń so ara kọ̀ǹpútà mọ́ ara tẹlifíṣàn. Ohun tó bá wà lára ọ̀kan, èkejì ti gbà á nìyẹn, ì báà ṣe àwòrán, ì báà ṣe ikú.

Ìjọ aláṣọ funfun ni èmi àti màmá mi ń lọ, ní apá Ìjẹ̀gùn. A kì í wọ bàtà nínú sùtánà, ẹnu géètì la ti ń bọ́ ọ sílẹ̀. Èmi ni mo ń fi láptọ́ọ̀pù gbé ọ̀rọ̀ orin jáde fún ìjọ. Nígbà tó jẹ́ pirojẹ́kítọ̀ là ń lò, òkè àjà ló wà, VGA ló so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kò sẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ lè tó o. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ ń ráhùn pé ìwé ò hàn, ìjọ bá ra tẹlifíṣàn ńlá, wẹ́dà kan jó irin gíga tí a gbé e lé, a sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àwọn ìyá ìjọ kí ojú wọn lè ká a. Màmá mi ni inú wọn dùn jù. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń mi ẹnu lásán bí orin bá dé ẹsẹ kẹrin, pé àwọn náà á wá máa kọ ọ́ báyìí.

Òjò rọ̀ mọ́jú Sọ́ńdè kan. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn mọ ohun tí mò ń wí. Gbogbo wa la fi ẹsẹ̀ lásán la omi kọjá wọlé, etí sùtánà ń ro tótó, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tutù rinrin. Jẹnẹrétọ̀ gbé tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n ó ń wúkọ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti fẹ́ẹ̀ kú. Iná ìjọba wà nílé tó wà lẹ́yìn wa. Ọ̀kan nínú àwọn amójútó ìjọ bá na wáyà gígùn gba ojú fèrèsé wọlé fún mi, mo fi láptọ́ọ̀pù sí i. Tẹlifíṣàn wà lórí jẹnẹrétọ̀, láptọ́ọ̀pù wà lórí iná ilé ẹ̀yìn, HDMI ló sì so àwọn méjèèjì. Rọ́bà ni ara láptọ́ọ̀pù mi, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé àpótí pákó torí omi. Mi ò mọ nǹkan kan lára.

Orin ìyìn dé, màmá mi fẹ́ dìde, wọ́n na ọwọ́ di irin tẹlifíṣàn mú. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ariwo halelúyà sọ, àwọn akọrin mú orin yára. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí ẹ̀mí máa ń bà lé màmá mi dáadáa. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ wọn. Láti kékeré mi, tí ẹ̀mí bá bà lé màmá mi, ọwọ́ wọn á là sílẹ̀, ìka á ya ara wọn, bí ẹni fẹ́ gbe omi òjò. Mo fi ń dá wọn mọ̀ láàárín aláṣọ funfun nígbà tí mi ò tíì ga. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ náà dì. Ó dì mọ́ irin, egungun ìka yọ. Ojú wọn là sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń wò, wọn ò sì kọrin.

Iná ló mú wọn. Mo mọ̀ pé tí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, àwa méjèèjì la máa lọ. Ìyá kan tiẹ̀ ti na ọwọ́ láti dì wọ́n mú látẹ̀yìn kí wọ́n má ba à ṣubú, bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀mí bá bà lé.

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n!" mo kígbe.

Ìyá náà fa ọwọ́ sẹ́yìn wéré. Èrò ìjọ ni pé mo ní kí wọ́n fi Ẹ̀mí sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, àwọn tó kù náà bá sún kúrò, wọ́n tún gbé orin sókè. Mo dì mọ́ wáyà gígùn yẹn, mo fà á tagbáratagbára, ó já kúrò lójú fèrèsé, láptọ́ọ̀pù fọ́ yángá sílẹ̀. Tẹlifíṣàn dúdú. Màmá mi ṣubú lulẹ̀. Orin ṣì ń lọ. Mo ń pe Mọ́mì, Mọ́mì, mi ò gbọ́ èémí kankan, àfi ìlù àti àtẹ́wọ́. Kò sí ohun tó bà mí lẹ́rù tó orin ayọ̀ yẹn rí láyé mi.

Wọ́n mí. A gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìgàndò, wọ́n sùn síbẹ̀. Oníná tó wá yẹ ilé ẹ̀yìn wò ní ẹni tó ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti so wáyà tó yẹ kó wọ ilẹ̀ lọ mọ́ èyí tó gbé iná. Láptọ́ọ̀pù mi gbà á, HDMI gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, irin gbà á, ó ku ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ tútù dúró.

Mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n máa jókòó sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n wọ sílípáàsì ṣá. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ni kí o máa wò. Tó bá là, má da èmi àti Ọlọ́run mi láàmú. Tó bá dì, kí o yáa wá."

Pákó ni tẹlifíṣàn wà lórí ẹ̀ báyìí, orísun iná kan ṣoṣo la sì ń lò fún gbogbo ẹ̀. Síbẹ̀, tí ẹ̀mí bá ti bà lé wọn, mo máa ń gbàgbé orin, àwọn èèyàn á máa ráhùn pé ẹsẹ kejì ò tètè jáde. Plọ́ọ̀gì ni mo ń dì mú nígbà náà, kí n lè tètè yọ iná. Nítorí pé irin yẹn jó àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn, awọ ibẹ̀ sì ti sún kì, ọwọ́ náà ò là tán mọ́. Èmi ò lè fi í mọ nǹkan kan. Màmá mi náà mọ̀. Nínú ẹ̀mí, tí ojú wọn dì pa, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń là sókè, kọjú sí ibi tí mo jókòó.