Èdè Tí A Bọ́ Bàtà Fún

Jámánì nìkan ni mo bá ọmọ mi sọ dàgbà. Kò lè fi Yorùbá kí ìyá mi, ó sì ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi, ará Bangladesh, pè wá sí Hamburg síbi ìrántí àwọn tí wọ́n yìnbọn pa nílùú wọn nítorí pé wọ́n jà fún èdè Bẹ̀ngálì. Gbogbo wa bọ́ bàtà kí a tó gbé òdòdó sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí sí Jámánì níbí fi Bẹ̀ngálì kí àwọn àgbà dáadáa. Ọmọ mi bi mí pé, “Dádì, tiwa ńkọ́?”

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kí àgbà títí a fi dé ilé wa ní Berlin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ìyá mi, ọmọ mi sì dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù. “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Ìyá mi ní, “Ta nìyẹn? Mo ṣebí òyìnbó lẹ bí.”

Ọmọ mi dáhùn pé, “Èmi ni, mà.”

Ni ìyá mi bá ń ki oríkì rẹ̀ títí bátìrì fi tán.