Ẹ̀jẹ̀ Dattaram Kò Gbọdọ̀ Kúrò ní Mumbai

Ká ní ẹ gba iwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Lalbaug, nílùú Mumbai, kọjá nínú Shravan, oṣù mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tó kọjá, ẹ ò bá rí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí àwọn obìnrin ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Dattaram Pednekar nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún fáànù ṣe. Kò jalè, kò gba ìyàwó oníyàwó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kó bá a.

Ijù inú ilé ọmọ ló ń da Sulabha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí à ń pè ní Tai, láàmú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ funfun ju ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun lọ. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí nígbà tó bímọ, láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti kórìíra ẹ̀jẹ̀ gbogbo ayé. Èyí tí wọ́n bá ní kí àwọn fi dán tirẹ̀ wò, ìjà ló máa ń dà.

Dókítà Kanetkar, obìnrin tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, ló là á yé wa. Mo ní "wa" nítorí pé bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, gbogbo ilé ló ń bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Purotéènì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní CD44," ni dókítà wí. "Ẹ fi wé ọwọ́. Òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń rọ̀ mọ́ ibi tó yẹ kó wà, òun náà ló fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un níta. Gbogbo èèyàn ló ní in. Àmọ́ ti Sulabha fi ibi kékeré kan yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá ní irú tirẹ̀ gan-an ló lè fún un lẹ́jẹ̀. Nínú gbogbo ẹbí tí a yẹ̀ wò, Dattaram nìkan ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí ẹlòmíì ní gbogbo Mumbai ni?" ni Dattaram bi í.

"Ó ṣeé ṣe kó wà. Ìwọ la mọ̀. Títí a ó fi ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, má rìn jìnnà."

Má rìn jìnnà! Ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Aai, gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó sì sọ ọ́ di òfin ìjọba. Dattaram kò gbọdọ̀ wọ rélùwéè, nítorí èèyàn máa ń já bọ́. Kò gbọdọ̀ gun àkàbà, kí àwọn oníbàárà tú fáànù wọn sílẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n gbé e wá. Kò gbọdọ̀ fá irùngbọ̀n, kí abẹ má baà gé e. Kí oṣù tó dé ìdajì, ó ti jọ wòlíì tó sọ ìjọ rẹ̀ nù. Bí ẹ̀fọn bá bà lé e lápá, obìnrin mẹ́ta a fò dìde.

"Ẹ̀jẹ̀ Tai nìyẹn o! Ẹ pa á!"

Gbogbo ìyẹn kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ Ganpati, òrìṣà olórí erin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọdún Ganpati bá ti dé, ará Konkan, ẹkùn etíkun tí abúlé wọn wà, tó bá ṣì wà ní Mumbai, yálà ó wà lẹ́wọ̀n tàbí ó wà ní pósí. Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú, Dattaram ló ń gbé ère òrìṣà náà láti ilé ẹni tó ń fi amọ̀ mọ ọ́n wọ ilé ẹbí wọn lábúlé. Bí kò bá lọ, Baban, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ni yóò gbé e. Baban ti ń dúró de àǹfààní yìí bí ológbò ṣe ń dúró de ẹja.

Àmọ́ ìrètí wà. Àárín Shravan ni wọ́n dá iṣẹ́ abẹ sí. Dattaram á fún wọn lẹ́jẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Ibẹ̀ ni Aai ti gbé ẹ̀jẹ́ rẹ̀ dé. Nínú Shravan, a kì í jẹ ẹran, a kì í jẹ ẹja, ìyẹn ti wà bẹ́ẹ̀. Aai ní ìyẹn kò tó. Kí Ọlọ́run lè dá Sulabha sí, gbogbo ilé máa gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè. Ó fi Sátidé kún un. Ó fi Tọ́sìdeè kún un. Sabudana, wóró funfun tí kò ní láárí kan, ni Dattaram ń jẹ, tí wọ́n sì ń fi tíì lé e. Obìnrin tó bá ti kọjá níwájú rẹ̀, tíì ló máa gbé fún un. Tíì tó mu nínú oṣù yẹn tó láti gbé ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú omi aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀jẹ̀ gidi máa ń rì ni. Ti Dattaram léfòó, ó ń yí kiri bí ẹni wá gbafẹ́.

"Kí lo ń jẹ?" ni Dókítà Kanetkar bi í.

Aai kò jẹ́ kó dáhùn. Inú rẹ̀ ń dùn. "Kò jẹ nǹkan kan, dókítà! Ààwẹ̀ ló ń gbà nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀!"

"Mà, ẹ ti fi ààwẹ̀ sọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín di omi. Mi ò lè gbà á. Ẹ fún un ní oògùn yìí, kí ẹ sì máa fún un ní ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ jẹ lójoojúmọ́."

"Ẹ̀dọ̀ kẹ̀? Nínú Shravan?"

"Ẹ̀dọ̀ nínú Shravan, tàbí Sulabha nínú iná tí a fi ń sun òkú. Ẹ mú ọ̀kan."

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ọjọ́ wo ni wọ́n sún un sí? Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé Ganpati wọlé lábúlé gan-an.

Aai sè é. Ó gbé gáàsì kékeré kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó so aṣọ mọ́ imú, ó kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò, ó ń ro ọbẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Shankar, òrìṣà tó ni oṣù náà. Òórùn ẹ̀dọ̀ wọ gbogbo ilé. Àwọn ọkùnrin tó ti ń fẹnu gbá ewébẹ̀ bọ̀ látọjọ́ yìí kóra jọ sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Kamat tó ń gbé òkè búra pé òun sanra nínú òórùn yẹn.

Dattaram nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń jẹun.

"O fẹ́ sá lọ," ni Sulabha wí.

"Tai, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"O ti kó aṣọ sínú báàgì. Mo rí i."

Ó gbé àwo sílẹ̀. "Mo dé ibùdókọ̀ láàárọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ má bínú, ẹ ó rí ẹlòmíì. Mo dúró síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì lọ. Òmíràn dé, òun náà lọ. Ẹsẹ̀ mi ò gbé."

"Wàhálà mi pọ̀ lórí rẹ."

"Ó pọ̀, Tai. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Sulabha ti àwo náà padà síwájú rẹ̀. "Jẹ ẹ́ tán."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ Dattaram kán sínú omi búlúù, ó sì rì bí òkúta. Aai pariwo bí ẹni tó yege ìdánwò. Ibi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀ ni Baban ti pè é lórí fóònù.

"Dada, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wẹ̀, mo ti ró aṣọ dhoti mọ́dìí. Ṣé kí n lọ gbé e?"

Dattaram wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú àpò. "Gbé e. Má kọsẹ̀ níbi àtẹ̀gùn o."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kejì, Dattaram wọ wọ́ọ̀dù wá pẹ̀lú àṣíborí lọ́wọ́. Ó ti yá alùpùpù Kamat. Tó bá gbéra báyìí, á bá Ganpati nílé kí wọ́n tó gbé ère náà lọ rì sínú omi bí àṣà.

"Alùpùpù?" Ohùn Sulabha kéré, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. "Lórí òkè tó kọ́lọkọ̀lọ yẹn? Nínú òjò? Bí o bá ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n máa fún ọ?"

Dattaram ń yí àṣíborí náà lọ́wọ́.

"Tèmi ni. Tèmi nìkan. Wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ tó máa fi ta èèyàn lọ́rẹ? Jókòó."

Ó jókòó. Ó pe Baban kó fi ojú Ganpati han òun lórí fóònù. Baban gbà, àmọ́ ojú ara rẹ̀ ló ń kún inú fóònù.

"Sún kúrò lọ́nà, jọ̀ọ́!" ni Dattaram ń pariwo. "Sún!"

"Gbé e wá síbí," ni Sulabha wí. "Èmi náà fẹ́ wò ó."