Fìlà Méjìlá fún Munir

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Gbogbo àwa òbí tí à ń gbé Woolwich àti Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù la mọ ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ: "Màá dá ẹ padà sílé!" Ọmọ ń yájú, a ó dá a padà sílé. Ọmọ ń bá ọmọ burúkú rìn, a ó dá a padà sílé. Àfi bí ẹni pé ilé jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ọmọ bí aṣọ, tí wọ́n á lọ̀ ọ́, tí wọ́n á ká a, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ganiyat fún yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Ganiyat. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ, àwọn mìíràn nínú wọn á sì gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù pé kó má fi ọwọ́ dúdú kan àwọn. Á rẹ́rìn-ín, á tún gbé ṣíbí. Èmi tí mò ń ta iṣu àti epo ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ọjà Woolwich, mo sọ fún un pé bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá da omi ọṣẹ sí wọn lójú.

"Ìyá Anisah, arúgbó ni wọ́n now," ni yóò wí.

Munir ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lọ́dún 1989, nígbà tí àwọn ọmọ òyìnbó kan lé e láti ibùdókọ̀ títí dé Tavy Bridge, tí wọ́n sì fi igi fọ́ eyín rẹ̀ méjì. Kò ṣẹ̀ wọ́n. Ó dúdú, ó tán. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, ìyá rẹ̀ á ti dúró lójú fèrèsé. Nurain ọkọ rẹ̀, tó ń fi mọ́tò gbé èrò, ló ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ó ní kí ọmọ lọ bá àbúrò òun ní Ìbàdàn, kó parí ìwé mẹ́wàá níbẹ̀, kó wọ yunifásítì, kó dàgbà láàárín àwọn tó jọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi náà fọwọ́ sí i.

Lọ́dún 1992, Munir wọ yunifásítì, ọ̀kan nínú àwọn ńláńlá tí èrò inú wọn tó ìlú kan. Kò pẹ́ tí lẹ́tà rẹ̀ fi dé pé òun ti wọ ẹgbẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ ọmọlúàbí ni, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n ń pe ara wọn. Ó kàn fẹ́ kí Mummy bá àwọn ra fìlà ṣọ́jà dúdú méjìlá ni, nítorí èyí tí àwọn télọ̀ ń rán nílé kì í jókòó dáadáa lórí. Ìlú ṣọ́jà ni Woolwich ti pẹ́, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹrù ṣọ́jà kò sì jìnnà sí tèmi. Ganiyat ra fìlà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú páálí.

"Ọmọ mi ti ní brothers níbẹ̀ o," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rí. "Kò dá wà mọ́."

Ta ló gbé fìlà náà lọ? Èmi ni. Mo máa ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti ra ọjà. Mo gbé méjìlá, nígbà tó di ọdún kejì, mo tún gbé méjìlá mìíràn. Munir fúnra rẹ̀ ló wá gbà á lọ́wọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì ń ṣàdúrà lé e lórí bí òmùgọ̀. Ṣé a kò gbọ́ nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn ni? A gbọ́ dáadáa. Ọmọ ẹlòmíràn la rò pé ó ń ṣe é, ọmọ àwọn tí kì í kírun.

Ní oṣù kejì ọdún 1994, Wàsíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, dé sọ́dọ̀ mi láti ilé. Yunifásítì kan náà ló ti wá, ó fi í sílẹ̀ lọ́dún kejì. Ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní jàm̀bá ọkọ̀ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, n kò tọ́ ọ lẹ́nu wò.

Lọ́jọ́ Iléyá, a kírun tán, a lọ jẹun nílé Ganiyat ní Yarnton Way. Wàsíù ti gbé ẹran sẹ́nu kó tó gbójú sókè rí fọ́tò tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n: Munir àti ọmọkùnrin mọ́kànlá, fìlà dúdú lórí gbogbo wọn. Ó gbé àwo sílẹ̀.

"Mummy, ta nìyí?"

"Munir mi ni now!" ni Ganiyat dáhùn. "Èmi ni mo ra gbogbo fìlà yẹn fún wọn."

"Awọ ló wà létí ẹ̀, àbí?"

"Real leather."

Wàsíù gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì. "Wọ́n fi aṣọ bojú, but I saw the leather. Nobody else for that campus get that kind fìlà. Wọ́n ní kí n wọ ẹgbẹ́ wọn, mo ní rárá. Wọ́n ní kí n yan ọwọ́ tí mi ò fi ń kọ̀wé. Mo na ti òsì." Ó gbé ìka mẹ́ta tó kù sókè. "Wọ́n mú ti ọ̀tún."

Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹrù mi ni òkò náà gbà kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bà. Nurain ní irọ́ ni. Ó ní, "These boys, wọ́n máa ń ṣe rough play. Ta ló rí Munir níbẹ̀?" Inú bí mi débi pé mo di ọwọ́ Wàsíù mú, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Wá kà á, Nurain! Wá bá mi ka ìka yìí kó pé márùn-ún!"

Kò kà á. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó jáde. Títí di òní tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì dárí jì í.

Ganiyat kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá: kó mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó tó pa èèyàn, tàbí kí èèyàn tó pa á. Ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó mú ìwé ìrìnnà òyìnbó Munir tó ti tọ́jú pa mọ́ láti ọjọ́ yìí, ó wọ bàálù. Ó ní òun á fà á létí wálé ni.

Ọjọ́ kẹwàá, mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Láti Woolwich ni mo ti ń to èébú sẹ́nu de ọmọ náà. Mo ti mọ èyí tí màá kọ́kọ́ sọ. Èrò jáde, wọ́n ń jáde, Ganiyat náà jáde. Òun nìkan ni.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó sì sọ bó ṣe lọ fún mi. Ó ní Munir ti ga, ó ti síngbọnlẹ̀, bí ó bá ń kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù á yà fún un lọ́nà. Ó gbé ìwé ìrìnnà náà lé e lọ́wọ́, ó ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé.

"Ilé wo?" ni ọmọ wí. "Mummy, ní Thamesmead, wọ́n ń lé mi. Here, nobody can chase me. Àwa là ń lé èèyàn."

Ganiyat sọ ti Wàsíù fún un, ó sọ ti ìka méjì. Ó ní òun ń bẹ Ọlọ́run nínú kí ó sẹ́, kí ó tilẹ̀ parọ́ fún òun. Munir ronú díẹ̀.

"Which Wàsíù?" ló bi ìyá rẹ̀. "Wọ́n pọ̀."

Mo pariwo níbẹ̀, gbogbo èrò ń wò mí. Mo ní, "Kí lo wá ṣe? Ṣé ńṣe lo kàn fi í sílẹ̀ tí o ń bọ̀, kó máa gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ lọ?" Èébú tí mo tọ́jú fún ọmọ, orí ìyá ni mo fẹ́ dà á sí.

Ganiyat jẹ́ kí n pariwo tán.

"Mo lọ sí office àwọn security yunifásítì náà," ó ní. "Bàbá àgbà kan ló wà níbẹ̀. Ó ní àwọn parents máa ń wá dáadáa, wọ́n á sunkún, wọn ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa lọ. Ó fún mi ní bébà àti bírò. Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn tí mo bá mọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, kí n sì sign."

Ó wo àwọn tó ń dì mọ́ èèyàn wọn níbi ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Anisah, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Òun ni mo kọ, mo sì sign."