Tùràrí tí mo fi ń bo sódábì mọ́lẹ̀

Òórùn tùràrí ni ilé wa ní Djègan-Kpèvi máa ń mú jáde nígbà yẹn, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará àdúgbò rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ ni. Sódábì ni mò ń bò mọ́lẹ̀, ọtí ọ̀pẹ wa tó ń jó ọ̀fun yẹn. Ọkọ mi, tíṣà tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, máa ń mu ún kí ó tó fọ ẹnu láàárọ̀, òórùn rẹ̀ a sì wọ aṣọ, a wọ ìrọ̀rí, a wọ inú irun mi pàápàá. Bí kò bá lè dìde lọ síṣẹ́, èmi ni mo máa ń pe dìrẹ́tọ̀ ilé ìwé rẹ̀ pé ibà palù ti dá a dùbúlẹ̀. Ibà tí mo dì lé e lórí tó láti pa ẹṣin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, wọ́n sọ mí di àwòkọ́ṣe obìnrin àdúrà. Mo gbà á, ó sì dùn mọ́ mi. Ní ìpàdé àwọn obìnrin lọ́jọ́ kan, abiyamọ kan tó kéré sí mi dìde, ó ń sunkún, ó ní ọkọ òun ń mutí, òun kò mọ ohun tí òun máa ṣe. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní bí obìnrin bá ń gbààwẹ̀ dáadáa, ọtí kò ní ráyè nínú ilé rẹ̀. Nínú sùtánà funfun ni mo ti sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ó gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó wá sílé wa lọ́sàn-án gangan, egungun àyà rẹ̀ ti yọ, ọmọ tó pọ̀n ń ké. Ó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ náà, omi ọmú rẹ̀ sì ti ń gbẹ.

"Màmá, ẹ bá mi fi kún àdúrà. Bóyá n kò gbààwẹ̀ náà dáadáa ni."

Kí n tó dáhùn, ó fa imú, ó wo ilẹ̀kùn yàrá. "Bí ilé tiwa náà ṣe ń rùn nìyí."

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, ì bá sàn fún mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Ọmọ yẹn ń ké nítorí ebi tí èmi fi pa á, kí orúkọ mi lè dára.

Mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó ti yó. Jọ̀ọ́, jẹun."

Mo gbé àkàsà àti ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ ẹ́ àfi bí èmi náà bá jẹ. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ó ti pẹ́ tí mo jókòó jẹun gbẹ̀yìn. Orí ìdúró ni mo ti máa ń jẹun, etí mi á sì wà ní yàrá. A jẹun, a sunkún, a tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Àwọn kan kò kí mi mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi àti abiyamọ yẹn máa ń jókòó sọ bí ilé wa ṣe rí gan-an.

Ọkọ mi kò tíì fi ọtí sílẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, n kò kàn purọ́ nítorí rẹ̀ mọ́ ni. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tó bá jáwọ́ ni ara tèmi máa yá. Ara mi ti ń yá, kò sì tíì jáwọ́. Àmọ́ ebi ti pa ọmọ ọlọ́mọ kí n tó mọ̀ pé irọ́ náà ni àìsàn tèmi.